Ẹni Tó Rẹ́ Orúkọ Bò Létí Kànga

Bàbá àgbà mi kì í wọ ilé kankan láì kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀. Ì báà ṣe mọ́ṣáláṣí, ì báà ṣe báńkì ní Adum láàárín ìlú, ì báà ṣe ilé àna. Bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri bí ìyá ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n á yọ ìṣó kékeré kan nínú àpò, wọ́n á fi họ kọ̀rọ̀ kan tí onílé ò ní tètè rí. Wọ́n á wá mi orí: "Iyanrìn ti pọ̀ jù níbí." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa kí onílé. Ojú ti tì mí nítorí ìṣó yẹn, kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì mi, Bàbá họ ògiri ilé ọkọ mi níwájú ìyá ọkọ mi gan-an. Ìyá náà bi mí léèrè pé kí ni Bàbá ń wá. Mo ní eèrà ni. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ilé tó dára ni, Àjọkẹ́. Lọ jókòó."

Alfa Yúsúfù ni orúkọ wọn. Bíríkìlà ni wọ́n. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì ní Kumasi, Ghana níbí, ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fi wá sílẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí Ọlọ́run tẹ́ sàréè fún wọn. Àwọn tó wá kí wa ní kí n kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń ta àpò fóònù ní Adum, ibo ni mo wà nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́? Ìwọ̀nba tí ojú mi rí ni mo lè sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú mi rí létí kànga wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wàláhì, títí di ìsinsìnyí, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi á bù máṣọ.

Iṣẹ́ tí gbogbo Kumasi mọ̀ mọ́ Bàbá ni lẹ́tà. Tí ẹ bá fara balẹ̀ rìn nílùú yìí, ẹ ó rí i pé àwọn ilé àtijọ́ ní orúkọ àti ọdún lókè ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe tó yọ síta lára ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ Bàbá ni. Wọn kì í fi rúlà wọ̀n ọ́n. Wọ́n á kàn dúró lórí àkàbà, wọ́n á dijú díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látàárín, apá ọ̀tún àti apá òsì á sì bára wọn mu. Èmi tí mo lọ sílé ìwé, tí mo bá kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sára pátákó, lẹ́tà tó kẹ́yìn máa ń wá àyè tì ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá bá wọn rìn dé Fante New Town, ńṣe ni wọ́n máa ń ka ilé fún mi bí ẹni ń ka ìwé. "Ilé yìí, ọdún tí òjò ò rọ̀ ni. Ọkọ ní kí n kọ 'Ọlọ́run Ló Ṣe É', ìyàwó ní àfi kí n kọ orúkọ òun. Wọ́n jà títí tí sìmẹ́ńtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gan mọ́ mi lọ́wọ́." Mo ní, "Kí lẹ wá kọ, Bàbá?" Wọ́n nawọ́ sókè, mo sì rí i. Ọdún nìkan ló wà níbẹ̀. "Ẹnu lè yí ohùn padà," Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, "àmọ́ sìmẹ́ńtì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Ẹ má sì rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Bàbá lè jà! Ọkùnrin kan wà tó ń ta rédíò ní Adum, tó kọ́ ilé tuntun, tó ní kí Bàbá wá kọ ọdún sí i. Èmi ni mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe dé, Bàbá wà lórí àkàbà, ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀, ó ń fi Twi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kọ ọdún tó ti pẹ́ díẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè mọ̀ pé ìdílé òun ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Agya, Bàbá mi, ogún ọdún péré lẹ máa fi kún un. Ta ló máa bi yín?" Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ká àkàbà. Wọ́n da sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti pò sílẹ̀ gbàràgàdà sójú ọ̀nà onílé. Ọkùnrin náà ń pariwo, Bàbá náà yarí. "Gùn ún fúnra rẹ, kí o kọ ọ́ fúnra rẹ! Mo mọ ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà." Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi wọ́n léèrè pé ta ni ẹni náà. Wọ́n ní, "Gbé omi yẹn wá kí n mu."

Ọ̀rọ̀ dọ̀kónù náà wà níbẹ̀. Dọ̀kónù ni ẹ̀kọ kíkan tí àwọn ará Ghana ń wé sínú ewé. Bàbá kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní ó kan ju ohun tó yẹ kí ọmọ Ádámọ̀ jẹ lọ. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Sátidé tí Ọlọ́run dá, Bàbá á wọ trotro, ọkọ̀ akérò wa níbí, lọ sí Fante New Town, wọ́n á ra márùn-ún lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Akosua, wọ́n á gbé e wálé fún àwa ọmọ. Àwọn tó ń ta dọ̀kónù nítòsí wa ò lóǹkà o! Ìyá àgbà wa, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. "Bàbá Múrítàlá," wọ́n á ní, "ṣé dọ̀kónù nìkan lẹ ń rà níbẹ̀?" Lọ́jọ́ kan ni Ìyá àgbà fúnra wọn wọ trotro tẹ̀ lé wọn lọ wò. Ohun tí wọ́n rí bọ̀ ni pé obìnrin náà ò yára tẹ́wọ́ gbowó, ó dúró ó ń wo Bàbá, torí pé odidi Alfa ló tẹrí ba kí i. Ẹni tó lè bí obìnrin náà ló ń pe é ní Ìyá. Ìyá àgbà dé, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "N ò mọ ohun tí bàbá yín jẹ onídọ̀kónù yẹn o, àmọ́ kì í ṣe ìfẹ́."

Kí n tó sọ èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé wa ṣe rí láàárín àwọn Yorùbá ibi. Ilé tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ló ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ohun gbogbo. Tí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, ẹnìkan nínú ilé náà ló máa kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ. Tí wọ́n bá so yìgì, tí àgbà bá kú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Inú ilé náà sì ni olórí Yorùbá ti ń jáde. Ilé wa ni ilé náà. Báwo la ṣe mọ̀? A kọ ọ́ sára kànga. Kànga kan wà láàárín agbo ilé wa tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, wọ́n mọ sìmẹ́ńtì yí etí rẹ̀ ká, lẹ́tà sì yọ síta lára rẹ̀ pé Alfa Sààdù, ará Ìlọrin, ló kọ́kọ́ dé síbí. Bàbá àgbà Bàbá ni Alfa Sààdù. Ta ló fẹ́ bá sìmẹ́ńtì jiyàn? Bàbá tó bí Bàbá jẹ olórí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n kú, àbúrò wọn jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyẹn náà kú, ó kan Bàbá.

Bàbá kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àgbà wá bẹ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀. Gbogbo ènìyàn ní ìrẹ̀lẹ̀ ni, ìmáàmù tiẹ̀ fi ṣe wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń yìn wọ́n nínú mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni mo wà, orí mi wú. Nígbà tí Bàbá dé ilé, mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn yín?" Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kọ oúnjẹ ló ti yó."

Ẹ wá wò ó. Ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ olórí Yorùbá kò lè máa wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí Bàbá ò bá jẹ ẹ́, kí àkọ́bí wọn jẹ ẹ́. Alhaji Múrítàlá ni àkọ́bí náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn ló ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn láàárín òru, àwọn ló ń parí ìjà ọkọ àti ìyàwó, àwọn ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n bá mú ọmọ aládùúgbò. Iṣẹ́ olórí ni wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá láì jẹ oyè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ló kàn, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́kún bí ọmọdé. Wọ́n rán aṣọ funfun tí wọ́n máa wọ̀. Àwọn àgbà tún ní lọ́jọ́ ìwúyè, àwọn máa ri òkúta ìrántí kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí yóò sọ ẹni tó kọ́kọ́ dó síbẹ̀ àti bí àwọn ará Ìlọrin ṣe dé Kumasi, kí ọmọ ilé ìwé lè máa kà á. Ta ni kó kọ lẹ́tà ara òkúta náà bí kò ṣe Bàbá? Wọ́n gbé òkúta náà wá. Dúdú ni, ó ń dán, ẹ lè rí ojú yín nínú rẹ̀.

Bàbá ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹta, wọn ò jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, wọ́n wọ trotro lọ sí Fante New Town. Mo ní, "Bàbá, òní kì í ṣe Sátidé." Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ni ó wá ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà pé jọ sétí kànga láti wá da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé, kí ohun tí wọ́n máa fín sára òkúta má baà yàtọ̀. Tíṣà Láwàl, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ló mú bírò lọ́wọ́. Alhaji wà níbẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀, àwa obìnrin dúró lẹ́nu yàrá. Bàbá wọlé láti ìta, Akosua onídọ̀kónù ló sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, pẹ̀lú gèlè tó ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, Ìyá àgbà mi ò, ṣé ẹ̀ ń rí nǹkan báyìí?

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n gbé òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n mú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ògiri lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní, "Ohun tí ẹ fẹ́ dà kọ yẹn, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á."

Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹ̀rín ò tọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. "Bàbá, ẹ jókòó ná. Oòrùn ti ń mú."

Bàbá ò jókòó. Wọ́n sọ ọ́ lórí ìdúró, wọn ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàfúrátù, ará Ìlọrin, ló gbẹ́ kànga náà. Ó ti Èkó wọkọ̀ ojú omi wá sí etí òkun ilẹ̀ Ghana níbí, ó fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ wá sí Kumasi pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, kí Alfa Sààdù tó gbọ́ pé ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni Alfa Sààdù wọ̀ sí nígbà tí ó dé. Obìnrin náà ló ní ilé. Àlejò ni àwa.

"Ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Ghana," Bàbá ló ń sọ ọ́, "ilé Sàfúrátù kó ẹrù lọ tán. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Asante, ló bá èmi àti bàbá mi gba ìwé tiwa. Àwọn tó ń lọ fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, 'Yúsúfù, ìwọ lo mọ sìmẹ́ńtì. Bí etí kànga bá sán, bá wa tún un ṣe.' Nígbà tó yá, ó sán. Mo wá láti tún un ṣe. Bàbá mi wá dúró lé mi lórí. Wọ́n ní àwọn yẹn ò ní padà mọ́, wọ́n ní ìwọ̀nba wa tó kù nílò olórí. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ Sààdù. Mo ní, 'Bàbá, orúkọ wà lára rẹ̀.' Wọ́n ní, 'Rẹ́ ẹ bò.'"

Bàbá fi irin ọwọ́ òsì tọ́ka sí etí kànga.

"Mo rẹ́ ẹ bò. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ti kó lọ tán. Ẹ má bú bàbá mi o. Ẹnu ni tiwọn. Ọwọ́ ni tèmi."

Wọ́n wá kúnlẹ̀ ti kànga, wọ́n gbé irin lé orí orúkọ Alfa Sààdù. Bí wọ́n ṣe gbé òòlù sókè, Alhaji sáré dé, wọ́n di ọwọ́ bàbá wọn mú. N ò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lójú àgbà ọkùnrin. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rán aṣọ. Gbogbo ayé ti gbọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Múrítàlá, kì í ṣe ìwọ ni mò ń ṣe é sí."

"Èmi náà ni! Ta ló tún kù? Nígbà tí ẹ fi ń kọ oyè, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́? Ó ṣe jẹ́ ìgbà tó kàn mí ni òtítọ́ ń gùn yín?"

Bàbá wo ọmọ wọn. Omi wà lójú wọn, àmọ́ ohùn wọn ò yí. "Òótọ́ lo sọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí n ò bá ṣáà jẹ nínú rẹ̀, ó tó. Kò tó. Fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ọmọ mi."

Alhaji fi ọwọ́ sílẹ̀. Bàbá lu òòlù mọ́ ọn.

Mo rò pé ṣe ni gbogbo rẹ̀ máa fọ́ túútúú. Rárá o! Ńṣe ni sìmẹ́ńtì náà ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ, bí èèpo ẹyin sísè, bébà àpò sìmẹ́ńtì tó ti pọ́n sì ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mú bébà náà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Kí n tó rẹ́ ẹ bò lọ́jọ́ náà, mo fi bébà lé orí lẹ́tà àtijọ́, kí sìmẹ́ńtì tuntun má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá mi ò rí i." Bí ẹ bá ń gbọ́ pé ẹnu ya ènìyàn, ìyẹn la rí lọ́jọ́ náà. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà Lárúbáwá wà níbẹ̀, kò tíì họ, kò tíì ṣá. Tíṣà Láwàl bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á jáde: Sàfúrátù, ará Ìlọrin, ló gbẹ́ kànga yìí nítorí Ọlọ́run.

Ìyá Akosua, ẹ jẹ́ kí èmi náà pè wọ́n ní Ìyá, bọ́ síwájú. Wọ́n súnmọ́ kànga, wọ́n ní kí Tíṣà fi orúkọ náà han àwọn. Tíṣà fi hàn wọ́n. Wọ́n ki ìka bọ inú lẹ́tà náà. Ọmọ ọmọ Sàfúrátù kan ló fẹ́ ọmọ Asante sí Fante New Town tí kò bá àwọn yòókù lọ. Òun ló bí Ìyá Akosua. Wọ́n fi Twi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ìyá mi máa ń sọ pé a ní kànga kan níbì kan. Mo rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa fún mi."

Ẹnìkan nínú àwọn àgbà bínú sí Bàbá. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé ọmọ wọn wà ní Fante New Town, láti ìgbà yìí wá?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ọ̀sẹ̀ gbogbo ni mò ń lọ sọ fún un. Tí mo bá débẹ̀, ẹnu mi á ní kó dì márùn-ún fún mi."

Alhaji jáde láìwọ bàtà. Wọn ò wọ agbo ilé wa mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìyàwó wọn ń gbé oúnjẹ wá fún Bàbá, àmọ́ Alhaji fúnra wọn, tí wọ́n bá ti rí Bàbá lọ́nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan nílé wa ní Bàbá ya wèrè ogbó. Àwọn kan ní Bàbá fi ilé ta onígbàgbọ́ lọ́rẹ. Àwọn àgbà lọ bá Ìyá Akosua pé kí ni kí àwọn ṣe nípa oyè. Ìyá ní, "Èmi? Mo ní dọ̀kónù lórí iná." Oyè náà ṣì wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá kọ òkúta náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, èmi ni mò ń di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, lẹ́tà náà sì tọ́ bí ìgbà tí wọ́n wà lórí àkàbà. Orúkọ Sàfúrátù ló wà lókè. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Bàbá ní kí àwọn àgbà jẹ́ kí àwọn fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀, pé Yúsúfù bíríkìlà ló bo orúkọ yìí. Àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní a kì í fín ẹ̀ṣẹ̀ àgbà sára òkúta. Bàbá bẹ̀, wọn ò gbà. Nígbà tí àwọn àgbà lọ tán, Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ mọ ìwé. Ìwọ kọ ọ́." Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí. Ẹ̀rù Bàbá ń bà mí títí di òní. Mo ti rí ènìyàn tó sọ òtítọ́ nígbà tí ó máa ṣe é láǹfààní. Ẹni tó gbé òòlù fúnra rẹ̀, tó fi fọ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ níwájú àkọ́bí rẹ̀, ẹnì kan péré ni mo mọ̀.

Bàbá kú lójú oorun, láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sidé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti wé wọn, wọ́n ti kírun sí wọn lára. Alhaji wá. Wọ́n dúró ti òkú. Ó wá ku kí àwọn ọkùnrin gbé Bàbá lọ sí ìtẹ́ òkú, gbogbo wọn sì dúró. Ẹnikẹ́ni kì í gbé àgbà kúrò nílé láàárín àwa Yorùbá ibi àfi tí ilé àkọ́kọ́ bá sọ pé kí wọ́n gbé e. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ilé wa ló ń sọ ọ́. Ìyá Akosua dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ró aṣọ pupa àti dúdú, aṣọ òkú àwọn ará Asante. Ìyá ò mọ̀ pé àwọn gan-an là ń dúró dè.

Àgbà kan gún Alhaji lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ ọ. "Alhaji, ẹ sọ ọ́ jàre. Bàbá yín ni. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, oyè yín padà sọ́wọ́ yín."

Gbogbo ojú yí sí Alhaji. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Alhaji wo òkú bàbá wọn, wọ́n sì rìn kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n la àárín àwọn ènìyàn kọjá títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú onídọ̀kónù. Wọ́n fi Twi sọ ọ́, ó sì ròkè tó kí gbogbo agbo ilé gbọ́. "Ìyá, ilé yín ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé bàbá wa."

Ìyá Akosua ń wò yíká. Omijé ti bò wọ́n lójú. "Kí ni wọ́n máa ń sọ? N ò gbọ́ Yorùbá, ọmọ mi. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Alhaji kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ì bá sọ ni wọ́n ń fi sí ẹnu ẹlòmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní súrà àkọ́kọ́. Ìyá tún un sọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kò dán mọ́rán. Wọ́n wá fi gèlè nu ojú, wọ́n gbé ohùn sókè.

"Ẹ gbé e."

Alhaji ló kọ́kọ́ ki èjìká bọ abẹ́ òkú Bàbá.